Ta Ló Ti Olùkọ́? Ìtàn Owó, Èsì àti Òótọ́ nínú Ìdánwò, láti Èkó Àtijọ́ dé Òkokomáíkò

 

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dé etí mi lọ́dọọdún tí àsìkò WAEC bá ti wọlé. Àwọn tó ń bi mí jẹ́ àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú wọn ti di olùkọ́, àwọn kan ti di ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn kan sì ti di òbí tó ń san owó ilé-ìwé. Wọ́n á ní: "Prof, ṣé lóòótọ́ ni pé olùkọ́ ayé àtijọ́ kì í ṣe màgòmágó nínú ìdánwò? Kí ló wá dé tí tòde òní fi bà jẹ́ báyìí?"

Ìdáhùn mi kúrú, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Èmi ò gbà pé ìwà olùkọ́ ti yí padà tó bí ẹ ṣe rò. Ohun tó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà ni ẹrù tí a dì lé èsì ìdánwò lórí. Nígbàkigbà tí a bá so oúnjẹ olùkọ́ mọ́ máàkì ọmọ, à ń fa ọwọ́ olùkọ́ náà síbi tí kò yẹ kó dé. Wọ́n ti so ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Èkó yìí, ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn. Ìjọba òyìnbó tó so ó náà ló padà tú u. Àwa la tún un so láìfura. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Kọ́ńgò ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọjà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Ìyànà-Ìba ní kọ́ńgò. Kọ́ńgò yẹn ni oníbàárà fi ń mọ̀ pé ohun tí òun sanwó fún ni òun ń gbé lọ sílé. Ká ní ìyá mìíràn wá jókòó tì í, tó ti lu ìdí kọ́ńgò tirẹ̀ wọ inú, tó sì wá ń fi owó tí kò tó ti ìyá àkọ́kọ́ pe ọjà. Ọ̀dọ̀ ta ni èrò máa ya sí? Ìyá tí kọ́ńgò rẹ̀ pé á jókòó síbẹ̀, á máa lé eṣinṣin. Tó bá di oṣù kejì, oṣù kẹta, nínú kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sílé àti kí òun náà wá òòlù, á ní láti mú ọ̀kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ìdánwò ni kọ́ńgò ìmọ̀. Iṣẹ́ méjì ni a gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́: kó kọ́ ọmọ, kó sì tún wà lára àwọn tó máa jẹ́rìí sí bí ọmọ ṣe mọ̀ tó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ gba ìfẹ́, ìkejì gba òótọ́ tí kì í wojú. Èèyàn kan náà lè ṣe méjèèjì dáadáa. Àmọ́ tí ohun kẹta, ìyẹn owó, bá ti bọ́ sáàárín wọn, ọ̀rọ̀ á yí.

Nígbà tí máàkì di owó

Títì tó gba iwájú LASU kọjá ní Ọ̀jọ́, tó sì gba Òkokomáíkò lọ, Àgbádárìgì ló ń lọ. Ibẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1843, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí ilé-ìwé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọ ló ń bọ́ olùkọ́. Ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí i, kódà lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti gba Èkó ní 1861. Ó tó 1877 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìjọ mẹ́ta tó ní ilé-ìwé ní Èkó, ìyẹn CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì, ní £200 lọ́dún, ìjọ kọ̀ọ̀kan.

Ní 1882 ni òfin dé. Gold Coast àti Èkó wà lábẹ́ àkóso kan náà nígbà yẹn, nítorí náà òfin kan ni wọ́n ṣe fún méjèèjì. Òfin náà ní kí owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé ìjọ máa gbà dá lórí iye ọmọ tó ń wá àti bí wọ́n bá ṣe ṣe dáadáa tó nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá wá dán wọn wò. Wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Gold Coast ní 1886, òfin ẹ̀kọ́ tí Èkó ní fúnra rẹ̀ sì jáde ní 1887. Èrò kan náà ló wà nínú òun náà: ẹ jẹ́ ká rí èsì ká tó sanwó.

Kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti ronú kan irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní 1862 ni Robert Lowe, òṣèlú tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní ìlú òyìnbó, ti gbé irú òfin yìí kalẹ̀ níbẹ̀. Ṣílè 12 ni ọmọ kan lè mú wọlé fún ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dún. Ṣílè 4 jẹ́ ti wíwá sílé-ìwé déédéé, ṣílè 8 yòókù jẹ́ ti ìdánwò kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 8 ti lọ nìyẹn. Lowe sọ pé bí ètò náà kò bá dára fún ẹ̀kọ́, yóò dín ìnáwó kù. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Olùkọ́ ń kọ́ ohun tí ìnsípẹ́kítọ̀ máa bèèrè, kò kọ́ kọjá ibẹ̀. Àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ nílùú òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ há ìwé sórí débi pé wọ́n ń "kà" á kódà tí wọ́n bá dorí ìwé náà kodò. Matthew Arnold, tó jẹ́ akéwì tó sì tún jẹ́ ìnsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé, bu ẹnu àtẹ́ lu ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi máa parí, ìlú òyìnbó ti pa á tì.

Ẹ wá fojú inú wo olùkọ́ ìjọ kan ní Èkó ní nǹkan bí 1889. Ọdún yẹn ni wọ́n fi Henry Carr, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1863, tó kàwé jáde ní Fourah Bay, tó sì ti ń kọ́ni ní CMS Grammar School, ṣe igbákejì ìnsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé. Ọkùnrin tí ìwé ká lára ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945, àwọn ìwé tó kó jọ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn. Ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀, kì í ṣe ọmọ nìkan ni wọ́n fẹ́ dán wò. Owó tí ìjọ fi ń bọ́ olùkọ́, tí wọ́n fi ń ra síléètì àti bẹ́ǹṣì, wà lórí ẹnu ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dìde dúró láti kàwé. Tí ọmọ yẹn bá kálòlò, oúnjẹ àgbàlagbà kan ń mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo máa padà sí i: èyíkéyìí nínú òfin wọ̀nyẹn kò pàṣẹ pé kí olùkọ́ purọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú kí òótọ́ wọ́n lówó.

Ohun tí 1916 rí

Ní 1916, lábẹ́ Lugard, ìlànà owó ìrànwọ́ tuntun jáde. Mo mọ̀ pé Lugard kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, ohun tí mo sì fẹ́ yìn níbí ni ìlànà yẹn, kì í ṣe ọkùnrin náà. Ìlànà yẹn mú owó kúrò lórí ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún. Ó ní kí ìnsípẹ́kítọ̀ wo gbogbo ilé-ìwé láàárín ọdún: ìwà àti ètò ibẹ̀, iye olùkọ́ àti bí wọ́n ṣe mọṣẹ́ tó, ìlọsíwájú àwọn ọmọ, ilé àti ìmọ́tótó. Máàkì 30 nínú 100 jẹ́ ti ìwà, ìṣètò àti ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí. Ìdánwò kò kúrò ńbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló di gbogbo owó mú mọ́.

Ìjọba tó ṣírò kọ́bọ̀ tó tún ṣírò ṣílè lórí ẹ̀kọ́ wa rí i pé rírà tí àwọn ń ra èsì kò ra ìmọ̀. Kì í ṣe àánú wa ló ṣe wọ́n. Wọ́n kàn rí i pé owó àwọn ń ṣòfò ni.

Láti Cambridge dé "expo"

Bí ẹrù yẹn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òmíràn ń gun orí ilé-ìwé girama. Ìdánwò Cambridge àti ti London ti di ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ní ìwé mẹ́fà lè di tíṣà kékeré, ẹni tó bá yege Cambridge lè di akọ̀wé tó ń wọ bàtà lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tó ń kọ ìtàn ìdánwò ní Nàìjíríà sábà máa ń tọ́ka sí 1914, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò Cambridge jò síta, gẹ́gẹ́ bí ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀ wọ àkọsílẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ayé àtijọ́ mọ́ tónítóní, ẹ rántí 1914.

Lẹ́yìn àbọ̀ ìwádìí tí Dókítà George Jeffery kọ ní 1950, wọ́n dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952, díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ sì ń kúrò lọ́wọ́ Cambridge bọ́ sí ọwọ́ àwa fúnra wa. Ní 1955 ni Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ pọ̀ sí i, iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀ tó wọn, ìwé ẹ̀rí sì wá di ajẹ̀ tí a fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn.

Nígbà tó di 1977, nǹkan tú sí gbangba. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe FESTAC ní Èkó, tí wọ́n kọ́ ìlú tuntun kan fún un lẹ́bàá títì Àgbádárìgì yìí kan náà. Ìbéèrè WAEC jò káàkiri débi pé ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Sogbetun dìde láti wádìí àjọ náà. "Expo 77" ni gbogbo ayé ń pe ìwé tó jò yẹn. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa 1977 ṣì ń sọ pé òun ní "expo" lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Àjọ tó ń ṣe ìdánwò gan-an ni ìwádìí 1977 dojú kọ. Láti ìgbà náà, ojú òfin wá ń yí díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Òfin ológun tí wọ́n ń pè ní Decree 20, ní 1984, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 dẹ́rù ba ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú jíjí ìbéèrè ìdánwò. Òfin náà le débi pé kò rọrùn fún adájọ́ kankan láti lò ó fún ọmọ ilé-ìwé. Òfin 1999 ló wá rọ́pò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin yẹn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, olùkọ́, olùṣọ́ ìdánwò tàbí òṣìṣẹ́ àjọ ìdánwò ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ni, láìsí owó ìtanràn.

Mi ò ní òfin yẹn burú o. Ẹni tí a fi ṣọ́ ilé tó wá ṣílẹ̀kùn fún olè, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ti olè lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló gbé àkàbà ti àjà náà? Ta ló sì ń dúró dè wọ́n ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kèrègbè?

Títì Àgbádárìgì

Agbègbè tiwa yìí, ìyẹn Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkokomáíkò, ilẹ̀ Àwórì ni, ilẹ̀ ẹja àti oko. Títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1970 ló kó ayé dé bá a. Lẹ́yìn náà ni Jákàńdè wọlé ní October 1979. Ó fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan ń wá láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń wá lọ́sàn-án, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó ń kọ́ kíláàsì ní wàràwàrà débi pé àwọn ẹlẹ́gàn ń pe ilé-ìwé rẹ̀ ní ilé adìẹ. Ó kọ́ ilé gbígbé fún mẹ̀kúnnù, ti Ìba sì wà lára wọn. Ní 1983 ni LASU bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ọjà Àlàbá gbòòrò, àwọn ènìyàn sì ń wá láti gbogbo ẹ̀yà.

Ilé-ìwé ìjọba kò lè gba gbogbo ọmọ wọ̀nyí. Lẹ́yìn 1986 tí ìjọba gbé ètò SAP wọlé, tí náírà ń já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ kò tó jẹun mọ́. Ilé-ìwé aládàáni wá ń hù bí olú, ní ilé ìpìlẹ̀, ní òkè ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ gidi, wọ́n gba ọmọ tí ẹnì kan kò gbà. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun: owó tí òbí bá san ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà lòún ni owó oṣù olùkọ́. Kí ni òbí sì máa ń wò kó tó mú ọmọ wá? Bánà tí wọ́n ta sẹ́nu géètì: "Gbogbo ọmọ wa yege WAEC, 100%." Ẹ rin ojú ọ̀nà LASU sí Ìba, ẹ ó rí wọn. Mo ti ka bánà bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi, mi ò sì tíì rí ọ̀kan tó kọ ọ́ pé, "Nínú ọmọ wa 40, 23 ló yege, a sì jókòó ti àwọn yòókù." Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá mú ọmọ-ọmọ mi lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ìtàn di olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní apá ibẹ̀ yẹn. Mi ò ní dárúkọ òun, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán sà." Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé àlàáfíà ni?" Ó jókòó, ó ròyìn.

Wọ́n ti gba owó kan lọ́wọ́ gbogbo ọmọ SS3, yàtọ̀ sí owó ìdánwò. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní owó èrú. Owó "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" ni wọ́n pè é. Apá kan máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá bójú tó ìdánwò, apá kan jẹ́ ti àwọn olùkọ́ tó máa bá àwọn ọmọ "ṣàlàyé." Wọ́n ní kí òun náà wá yanjú ìbéèrè Government. Ó ní òun ò ṣe.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó pè é sínú ọ́fíìsì, ó fún un ní omi tútù, ó ní: "Anti, tí àwọn ọmọ yìí bá kó F9 wálé, tí òbí bá kó àbúrò wọn lọ sí ilé-ìwé kejì lọ́dún tó ń bọ̀, níbo lẹ fẹ́ kí n ti rí owó oṣù yín?"

"Prof," ó sọ fún mi, "ìyẹn ló dùn mí jù. Torí òótọ́ ló sọ."

Kò ṣe é. Wọ́n gba SS3 lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kí i dáadáa mọ́, wọ́n ní ó fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí gàrí àwọn. Òbí kan tiẹ̀ bi í lẹ́nu géètì pé, "Ṣé ọmọ tiyín ni kò ní í wọ yunifásítì ni?" Nígbà tí sáà tuntun wọlé, wọ́n ní ọmọ ti dín, wọ́n ní kó máa lọ. Lẹ́sìn ilé-dé-ilé ló ń kọ́ báyìí.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn ọ̀gá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfin 1882 gan-an ni. Kò kà á rí, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n lórí. Ṣílè ti di náírà, òbí ti rọ́pò gómìnà òyìnbó, bánà sì ti rọ́pò ìwé àbọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀. Ìsopọ̀ yẹn kò yí padà: kò sí èsì, kò sí oúnjẹ.

Ta ló ń san gbèsè rẹ̀?

Àwọn kan á ní, "Prof, ẹ ti ń gbèjà wọn." Rárá o. Obìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ebi tó ń pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pa òun náà, kò sì fọwọ́ sí i. Wíwà tí irú rẹ̀ wà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ebi ṣe àwáwí tán pátápátá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tó bá fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ jẹ́ akọni kí ìdánwò rẹ̀ tó lè jẹ́ òótọ́, ìlú náà kò tíì ní ètò. Akọni kì í pọ̀ lójúde.

Gbèsè rẹ̀ kò sì pẹ́ kó tó dé. Mo gba akẹ́kọ̀ọ́ tí A rẹ̀ ń dán lórí ìwé, tí kò lè kọ ìpínrọ̀ kan tó dúró. Àwọn yunifásítì ò gba kọ́ńgò náà gbọ́ mọ́, wọ́n wá gbé tiwọn jáde: láti 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣegbà lẹ́yìn ti JAMB. Ọmọ kan wá ń ṣe WAEC, ó ń ṣe NECO torí pé ó lè má bọ́ sí i nínú WAEC, ó ń ṣe JAMB, ó tún ń ṣe ti yunifásítì. Òbí ń sanwó kọ́ńgò mẹ́rin torí pé a ti lu ìdí àkọ́kọ́ wọ inú. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó kàwé lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tí kò ní owó "ìfọwọ́sowọ́pọ̀," òun ló pàdánù jù. Ìdánwò ni àkàbà kan ṣoṣo tó ní.

Ẹ̀rí tún wà ní 2025. Nítorí kí ìbéèrè má baà jò, WAEC pẹ́ gbé ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọjọ́ 28 oṣù May. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe é, àwọn mìíràn pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ṣe oríṣiríṣi ẹ̀dà ìbéèrè kí ọmọ má lè wo ti ẹnìkejì. Èsì jáde ní oṣù August: 38.32% péré ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n rí i pé kóòdù tí wọ́n fi máàkì àwọn ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì lódì, wọ́n ká èsì náà kò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96%. Mi ò bú wọn. Mo kàn ní kí ẹ rí i pé ọmọ tí kò jalè ló sùn ní òkùnkùn nítorí ọ̀nà tí a fi ń dènà olè.

Kì í sì í ṣe wa nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn aláwọ̀ dúdú tàbí ti òtòṣì ni. Ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi èsì ìdánwò ìpínlẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n ń fún ẹni tó bá dé góńgó ní ẹ̀bùn owó, ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ lè bọ́ sì wà lórí ẹni tí kò bá dé e. Àbọ̀ ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ní 2011 sọ pé olùkọ́ àti ọ̀gá 178, ní ilé-ìwé 44, ló lọ́wọ́ nínú àyípadà ìdáhùn ìdánwò 2009. Wọ́n ń fi rọ́bà pa ìdáhùn ọmọ rẹ́, wọ́n ń kọ èyí tó tọ̀nà sí i. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ dá 11 lẹ́bi.

Àwọn wọ̀nyẹn ní owó oṣù tó ń wọlé déédéé, ìwé wà, iná wà. Ohun tí wọ́n fi jọ àwọn olùkọ́ Òkokomáíkò ni ìsopọ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ tó sì wà ni pé ọwọ́ òfin dé òkè níbẹ̀: ọ̀gá àgbà gbogbo ilé-ìwé ìlú náà, Beverly Hall, wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kú kí ẹjọ́ tó parí. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé góńgó kalẹ̀.

Ohun tí mo rí sí i

Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ ilé-ìwé 324 sínú ìwé dúdú nítorí màgòmágó ìdánwò. Ìyẹn dára, ó sì kọjá lọ. Ní 2025, wọ́n kéde pé WAEC àti NECO máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn náà lè ṣèrànwọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í jẹun, kì í sì í gba owó oṣù. Ẹni tó jókòó tì í ló ń jẹun. Tí ìsopọ̀ yẹn bá ṣì wà, á wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Ohun tí ìtàn fi yé mi rọrùn láti sọ. Àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àjọ ìdánwò nìkan ni ẹni tó ń bójú tó ìdánwò á ti máa gba owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, kó pé, kó sì tètè dé. Alábòójútó tí ilé-ìwé bọ́ lọ́sàn-án kò lè fajúro sí wọn lálẹ́. Èkejì, kí Education District V tó ń bójú tó apá ọ̀dọ̀ wa máa wo ilé-ìwé lọ́nà tí ìlànà 1916 gbà wò ó: olùkọ́ mélòó, wọ́n ń gbowó bí, ìwé ọmọ ńkọ́, ìwà ńkọ́? Kí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde kí òbí ní ohun mìíràn tó máa kà yàtọ̀ sí bánà. Ẹ̀kẹta, kí òfin tọ ipa owó. Ibi tí wọ́n bá ti gba owó "ìfọwọ́sowọ́pọ̀," kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án, ká tó dé ọ̀dọ̀ tíṣà tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀kẹrin, kí ibì kan wà tí olùkọ́ tó kọ̀ lè sá lọ kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà bọ́.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, nígbà tí ẹ bá tún dé ẹnu géètì ilé-ìwé, ẹ fi bánà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó ìwé iṣẹ́-ṣíṣe ọmọ kan wá fún yín, kí ẹ wo bóyá olùkọ́ máàkì rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti fi yíńkì pupa kọ "kò tọ̀nà." Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti san owó oṣù tó kọjá.

Ẹ̀yin tí mo kọ́, tí ẹ wà nínú kíláàsì lónìí, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ fún yín pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé níbo ni owó ọjà wà. Olùkọ́ tó jẹun yó nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló rọrùn fún jù láti kọ 35 sílẹ̀ fún ọmọ tó gba 35, kó sì dìde lọ́jọ́ kejì láti kọ́ ọ títí yóò fi gba 50.

Ó dàárọ̀ o. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ mọ̀ nípa bí ìdánwò ṣe rí ní ilé-ìwé tiyín láyé ìgbà kan, ẹ kọ ọ́ sí mi, àmọ́ ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.